Ìbora Tí Ó Ń Jò Tí Omi Kò Sì Wọlé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ààbò Sílíkọ̀n àti Èdè Tí A Fi Ń Ṣàlàyé Rẹ̀

Ìfáárà

Kò sí àní-àní pé oòrùn ni orísun agbára tí ó pọ̀ jù lọ tí ó ń dé orí ilẹ̀ ayé. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ràn lóru, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ràn dáadáa nígbà tí òjò bá ṣú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo agbára ọ̀sán ní òru gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò fi í pamọ́ sí. Bátìrì ni ọ̀nà kan. Ọ̀nà kejì ni kí a fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pín omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn, kí a sì tọ́jú háídírójìn náà di ìgbà tí a óò nílò rẹ̀. Bí a bá sì jó háídírójìn yìí, omi náà ni yóò tún padà dà. Ohun tí a bá rí lọ́nà báyìí ni àpilẹ̀kọ yìí ń pè ní ohun ìdáná oòrùn. Kò yẹ kí a pè é ní epo, nítorí pé gáàsì ni háídírójìn. Ṣùgbọ́n ohun ìdáná ni igi, èédú, kẹrosíìnì àti gáàsì ń jẹ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn, orúkọ náà sì gba háídírójìn mọ́ra láìsí wàhálà.

Iṣẹ́ náà rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti ṣe. Ohun tí ó mọ ìmọ́lẹ̀ gbà jù lọ nínú àwọn ohun tí kò wọ́n, ìyẹn sílíkọ̀n, ni omi máa ń tètè bàjẹ́. Láti ọdún 2011 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń rí ọ̀nà tí ó dán mọ́rán láti da aṣọ bo sílíkọ̀n kí omi má baà jẹ ẹ́. Aṣọ yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ó tún dá lé ìṣòro kan tí ó kan olùkọ́ àti ògbufọ̀ gbọ̀ngbọ̀n: bí a bá fi ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ṣàlàyé aṣọ náà lédè Yorùbá, òdìkejì òtítọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà sọ́kàn.

Ẹnubodè Iná

Láti fi iná mànàmáná pín omi, ohun méjì tí iná lè gbà kọjá ni a óò ri bọ inú omi. Ní ojú ọ̀kan, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń bọ́ sínú omi, háídírójìn sì ń hó jáde. Ní ojú èkejì, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń kúrò lára omi, ọ́síjìn sì ń jáde. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ojú ibẹ̀ gan-an ni iná ń gbà wọ inú omi tí ó sì ń gbà jáde, ẹnubodè iná jẹ́ orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. A ó wá ní ẹnubodè háídírójìn àti ẹnubodè ọ́síjìn. Bí ẹnubodè kan bá ń gba ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó sì ń sọ ìmọ́lẹ̀ náà di iná níbi tí ó wà nínú omi, ẹnubodè afìmọ́lẹ̀ṣiṣẹ́ ni.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1839 ni Edmond Becquerel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ lè mú kí iná ṣàn láàárín irin méjì tí a rì sínú omi oníkẹ́míkà. Ó di ọdún 1972 kí Akira Fujishima àti Kenichi Honda, àwọn ará Japan, tó tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí ìmọ́lẹ̀ bá tan sára ọ́sáìdì títéníọ́mù nínú omi, ọ́síjìn á máa jáde lára rẹ̀, háídírójìn á sì máa jáde lára irin pílátínọ́mù tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ọn. Ọ́sáìdì títéníọ́mù yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: òun ni ẹ̀tù tí ń mú kí ọ̀dà ara ògiri funfun. Omi kì í tètè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kìkì ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí ni ó ń gbà, ìmọ́lẹ̀ náà kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oòrùn ń rán wá. Ó lágbára láti dúró nínú omi, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń rí jẹ nínú oúnjẹ tí a gbé ka iwájú rẹ̀.

Sílíkọ̀n àti Ọ̀tá Rẹ̀

Òdìkejì gan-an ni sílíkọ̀n. Ó ń gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ó sì ń gba apá kan nínú èyí tí ojú kò rí. Òun ni ó wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn páńẹ́lì oòrùn tí a ń tò sórí òrùlé. Láti ara yanrìn ni wọ́n ti ń yọ ọ́: ooru líle ni wọ́n fi ń já ọ́síjìn inú yanrìn kúrò kí sílíkọ̀n tó dá dúró. Ọ́síjìn tí a já kúrò yìí ni sílíkọ̀n kò gbàgbé. Bí a bá rì í sínú omi tí a sì ní kí ó ṣe iṣẹ́ ẹnubodè ọ́síjìn, ojú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà di irú ohun tí yanrìn jẹ́. Ohun tí ó ń hù sí i lójú yìí kò yàtọ̀ sí èèpo ara igi, nítorí pé láti ara sílíkọ̀n fúnra rẹ̀ ni ó ti ń jáde. Iná kò sì lè gba inú èèpo náà kọjá bí ó bá ti nípọn díẹ̀. Kì í pẹ́ rárá tí iná fi ń dáwọ́ ìṣàn dúró.

Ìyọnu mìíràn tún wà níbẹ̀. Omi lásán kì í gbé iná dáadáa, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi máa ń po kẹ́míkà mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ń lò jù lọ ni háídírọ́sáìdì pọ́tásíọ́mù, ìwọ̀n gíráàmù 56 nínú lítà 1. Ìbátan ni omi yìí jẹ́ sí omi eérú tí àwọn aṣọṣẹ ń sẹ́ láti ara eérú èèpo kòkó fún ọṣẹ dúdú, ṣùgbọ́n ó le ju ti aṣọṣẹ lọ. Bí sílíkọ̀n bá wà ní ìhòòhò nínú omi bẹ́ẹ̀, yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Bí iná kò bá dí i lójú pẹ̀lú èèpo, omi yóò jẹ ẹ́ tán.

Iṣẹ́ Mẹ́rin Lórí Aṣọ Kan

Aṣọ tí a óò da bo sílíkọ̀n ní iṣẹ́ mẹ́rin láti ṣe. Èkíní, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi kan sílíkọ̀n. Èkejì, ó gbọdọ̀ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹ̀kẹta, ó gbọdọ̀ jẹ́ kí iná tí sílíkọ̀n ṣe jáde sínú omi. Ẹ̀kẹrin, ó gbọdọ̀ gba ohun amúṣẹ́yá mọ́ra, ìyẹn ohun tí ń mú kí ọ́síjìn tètè jáde láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ń tán lọ. Bí ó bá kùnà ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iṣẹ́ bàjẹ́. Gíláàsì lè ṣe èkíní àti èkejì, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ẹ̀kẹta. Irin tí ó nípọn lè ṣe ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n kò ní í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Nínú ìlú Yorùbá àtijọ́, ẹni kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ èyí. Oníbodè kì í ti ìlẹ̀kùn ìlú pa mọ́ gbogbo ènìyàn. Ó ń jẹ́ kí oníṣòwò wọlé, ó ń jẹ́ kí àgbẹ̀ jáde lọ sóko, ṣùgbọ́n kò gbà fún ọ̀tá. Ó sì ń gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kọjá. Aṣọ ara sílíkọ̀n náà ń gba owó ibodè. Ìwọ̀n iná kan máa ń ṣòfò bí ó bá ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, òfò yìí kò sì ṣeé fojú kéré. Omi kò lè pín bí iná kò bá tó fólítì 1.23, ní ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ; èyí tí sílíkọ̀n kan ṣoṣo lè ṣe kò sì tó fólítì 0.8. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sábà máa ń fi ohun mìíràn tí ó tún ń gba ìmọ́lẹ̀ ti sílíkọ̀n lẹ́yìn. Ẹni tí kò ní púpọ̀ lápò kò lè san owó ibodè tí ó gọntíọ.

Láti Èyí Tí Ó Fẹ́lẹ́ Dé Èyí Tí Ó Nípọn

Ní ọdún 2011, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Paul McIntyre àti Christopher Chidsey fi ọ́sáìdì títéníọ́mù tí kò nípọn ju nánómítà 2 lọ bo sílíkọ̀n, wọ́n sì fi irin ìrídíọ́mù sí i lórí bí ohun amúṣẹ́yá. Kí òye ìwọ̀n yìí lè yé ni, ẹ jẹ́ kí a pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà 1,000,000. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nánómítà 1. Ohun tí ó dúró nínú omi ní 1972 ni ó wá di aṣọ fún ohun tí kò lè dúró. Ẹ̀tù yìí funfun nínú ọ̀dà nítorí pé ó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí yóò gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé gíláàsì ni. Ní ti iná, bí ògiri bá fẹ́lẹ́ tó báyìí, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lè gba inú rẹ̀ bọ́ sí òdìkejì láìjẹ́ pé ọ̀nà kankan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri náà bá ti ń nípọn sí i, owó ibodè ń gòkè sí i ni.

Ní ọdún 2013, ní yunifásítì kan náà, ẹgbẹ́ Hongjie Dai lo irin níkẹ́lì tí ó nípọn tó nánómítà 2. Níkẹ́lì yìí ni aṣọ, òun náà sì ni ohun amúṣẹ́yá, ó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí 80 nínú omi tí kò le tó ti háídírọ́sáìdì pọ́tásíọ́mù.

Ní ọdún 2014 ni ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ṣẹlẹ̀. Shu Hu, Nathan Lewis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti California tẹ́ ọ́sáìdì títéníọ́mù tí ó nípọn láti nánómítà 4 títí dé 143 lé sílíkọ̀n lórí, wọ́n sì fi níkẹ́lì sí i lórí. Gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ nípa ọ́sáìdì yìí, kò yẹ kí iná ẹnubodè ọ́síjìn lè gba inú aṣọ tí ó nípọn báyẹn kọjá. Ṣùgbọ́n ó kọjá. Iná tí ó ju mílíáńpíà 30 lọ ń jáde ní orí sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú lóròó, sílíkọ̀n náà sì ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó ju wákàtí 100 lọ láìdúró, nínú omi tí ó yẹ kí ó ti yọ́ ọ. Ọ́sáìdì tí wọ́n tẹ́ náà kò tò létòlétò bí ìyọ̀ tàbí ṣúgà. Àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ wà ní rúdurùdu, àbùkù sì wà láàárín wọn. Lára àwọn àbùkù wọ̀nyí ni iná ti rí ọ̀nà gbà.

Ibi Tí Èdè Ti Ń Ṣini Lọ́nà

Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé aṣọ náà ń jò. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé iná ń jò gba inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ògbufọ̀ bá kọ ọ́ pé ‘ìbora tí ó ń jò’, tí kò sì fi kún un mọ́, òrùlé tí òjò ń gbà wọlé ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rántí. Yóò rò pé omi ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni àìwọlé omi ni gbogbo ìdí tí aṣọ náà fi wà.

Èyí tí ó tún léwu ju èyí lọ ni ọ̀rọ̀ ihò. Nígbà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan bá kúrò ní àyè rẹ̀ nínú sílíkọ̀n, àyè náà ṣófo. Aládùúgbò rẹ̀ á sún wá síbẹ̀, àyè ti aládùúgbò náà á wá ṣófo, báyìí ni òfo náà á máa rìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Ní ẹnubodè ọ́síjìn, òfo tí ń rìn yìí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà: òun ni ó ń lọ gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lára omi. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe òfo yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń pe ihò ara aṣọ tàbí ihò eku. Bẹ́ẹ̀, ìbora sílíkọ̀n lè ní ihò gidi, ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́, èyí tí omi lè gbà wọlé. A wá ní ihò méjì: ọ̀kan ni a ń fẹ́, ọ̀kan ni a ń sá fún. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ̀wé pé ‘àwọn ihò ń gba inú ìbora tí ó ń jò kọjá’ ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láìṣìnà, ó sì ti ba gbólóhùn jẹ́ pátápátá.

Èdè Yorùbá kò tòṣì débi tí yóò fi bá Gẹ̀ẹ́sì pín nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí. Àlàfo wà lọ́wọ́ wa, ihò sì wà. Bí a bá fi àlàfo pe àyè tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi sílẹ̀, tí a sì fi ihò sílẹ̀ fún ibi tí ìbora ti lu, gbólóhùn náà yóò di: ‘Àlàfo ń gba inú ìbora kọjá, ṣùgbọ́n omi kò rí ihò gbà.’ Ọmọ ilé-ìwé girama lè lóye èyí láìjẹ́ pé a tún un sọ. Lọ́nà kan náà, ó yẹ kí a ya èèpo sọ́tọ̀ kúrò lára ìbora. Èèpo ni èyí tí sílíkọ̀n hù fúnra rẹ̀. Ìbora ni èyí tí a fi ọwọ́ dà bò ó. Asà, ìdènà àti odi kò yẹ ẹ́ rárá, nítorí pé dídí ni àwọn wọ̀nyí ń dí nǹkan, wọn kì í yan ẹni tí yóò kọjá. Bí olùkọ́ bá fẹ́ orúkọ tí ó sọ ohun tí ó jẹ́ àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe pọ̀, ìbora-oníbodè yóò ṣe é.

Bí A Ṣe Ń Tẹ́ Ìbora Náà

Ẹni tí ó bá ti rí aláró lẹ́nu iṣẹ́ yóò tètè lóye bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ìbora yìí. Aláró kì í rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yóò rì í sínú ìkòkò aró, yóò fà á jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, yóò sì tún rì í, títí aṣọ yóò fi dú bí ó ti fẹ́. Ní ti ìbora sílíkọ̀n, gáàsì méjì ni wọ́n ń lò ní àlòtúnlò. Wọ́n á tú gáàsì tí títéníọ́mù wà nínú rẹ̀ sí iyàrá tí sílíkọ̀n wà. Yóò lẹ̀ mọ́ ojú sílíkọ̀n títí kò fi ní í sí àyè mọ́, èyí tí ó bá kù kò ní í rí ibi lẹ̀ mọ́. Wọ́n á fẹ́ ìyókù dànù. Wọ́n á wá tú oruku omi sí i, èyí tí yóò sọ ohun tí ó lẹ̀ náà di ọ́sáìdì. Lẹ́yìn èyí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan kì í fi tó nánómítà 1 kún un. Tuomo Suntola, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó sọ ọ̀nà yìí di ohun tí ilé iṣẹ́ ń lò ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì fún un ní Ẹ̀bùn Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Millennium ní 2018. Èrè rẹ̀ ni pé ìbora náà ń dé gbogbo kọ̀rọ̀ àti gbogbo ìpàkọ́ ohun tí a bò, kì í nípọn níhìn-ín kí ó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún.

Òru Ni Ìdánwò

Síbẹ̀, eruku kan ṣoṣo tí ó bá wà lójú sílíkọ̀n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ lè di ihò. Ní ọ̀sán, nígbà tí iná ń ṣàn, sílíkọ̀n tí ó bá hàn níbi ihò náà lè hu èèpo, èèpo yóò sì dí ẹnu ihò. Èyí tí ó jẹ́ ọ̀tá lápá kan di olùrànlọ́wọ́ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá wọ̀, tí iná dáwọ́ dúró, kò sí ohun tí yóò máa sọ èèpo dọ̀tun. Omi yóò jẹ èèpo náà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ sílíkọ̀n lábẹ́ ìbora. Ojú sílíkọ̀n kan wà tí ó jẹ́ pé kòtò tí omi bá gbẹ́ síbẹ̀ máa ń ní igun mẹ́rin tí ó ń tín-ín-rín lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìhà sílíkọ̀n ni ó ń yọ́ bákan náà. Ẹni tí ó wo ìbora láti òkè lè má rí ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, nígbà tí ilé ti ń ṣófo nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí a sọ pé ìbora kan ṣiṣẹ́ fún wákàtí báyìí lábẹ́ àtùpà tí kò kú. Oòrùn gidi máa ń wọ̀.

Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ Lewis tẹ ìròyìn jáde pé sílíkọ̀n tí a ṣe bí okùn tíntìntín tí ó dúró ṣánṣán, tí a sì fi ọ́sáìdì títéníọ́mù bò, ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó ju wákàtí 2,200 lọ nínú háídírọ́sáìdì pọ́tásíọ́mù. Ìlọsíwájú ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọdún 25 ni àwọn tí ń ta páńẹ́lì orí òrùlé sábà máa ń ṣe onídùúró fún, wákàtí 219,000 sì ni ó wà nínú ọdún 25, tọ̀sán-tòru. Wákàtí 2,200 kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ. Àwọn kan sì ń béèrè pé kí ni ìdí tí a fi ń rì sílíkọ̀n sínú omi rárá. Wọ́n ní kí páńẹ́lì jókòó sórí òrùlé níbi tí ó gbẹ, kí wáyà gbé iná rẹ̀ lọ bá ẹ̀rọ tí ń pín omi. Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ọ̀nà yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Èsì àwọn tí ń ṣe ìbora ni pé bí ohun kan ṣoṣo bá lè gba ìmọ́lẹ̀ kí ó sì pín omi, ohun èlò lè dín kù, owó náà lè dín kù. Ìbora ni yóò pinnu bóyá ọ̀rọ̀ wọn yóò ṣẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ máa bi ara wọn kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣàlàyé ìbora yìí: kí ni ó ń kọjá, kí ni kò sì gbọdọ̀ kọjá? Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, àlàfo ń jáde, omi kò gbọdọ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ tí ó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, bí ó ti wù kí ó dùn létí tó. Ẹnubodè iná, èèpo, ìbora-oníbodè, ohun amúṣẹ́yá, àlàfo àti ihò: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣàjèjì sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Bí àwọn olùkọ́ bá dán wọn wò nínú kíláàsì tí wọ́n sì rí i pé ọ̀kan kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, kí wọ́n fi èyí tí ó sàn jù rọ́pò rẹ̀. Orúkọ pẹ̀lú máa ń ní ihò, ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ni a sì ti máa ń kọ́kọ́ rí i.